HUBERT JULIAN, ẸYẸ IDÌ DÚDÚ: Bí eré páráṣúùtù ṣe gbé e ga, tó sì tún ṣàkóbá fún iṣẹ́ ológun rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kòkó kò ṣàjèjì sí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Láti Ìjerò dé Aràmọkọ, títí lọ dé ẹsẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, owó kòkó ni ọ̀pọ̀ òbí fi rán ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé, òun náà ni wọ́n sì fi kọ́lé. Owó kòkó yìí kan náà ló tọ́ ọmọkùnrin kan dàgbà ní erékùṣù Trinidad, ní òdìkejì òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ríro ṣe pọ̀ rárá, òfurufú ni ojú rẹ̀ ń wò. Hubert Fauntleroy Julian ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi jáde láyé ní 1983, ayé ti mọ̀ ọ́n sí Ẹyẹ Idì Dúdú ti Harlem.

Ohun mẹ́ta ni Julian lé kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èkíní ni eré páráṣúùtù, ìyẹn fífò bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù pẹ̀lú aṣọ fífẹ̀ kan tó máa ń ṣí bí agboòrùn lókè orí ẹni. Èkejì ni iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ológun. Àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jọ ara wọn lójú ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn yàtọ̀ síra. Ìgboyà ìṣẹ́jú díẹ̀ lè tó fún ẹni tó fẹ́ fi páráṣúùtù dá ọ̀pọ̀ èrò lára yá. Wíwa bàálù ń fẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ẹ̀kọ́ àti sùúrù. Ìgbọràn sì ni òpómúléró iṣẹ́ ológun. Bí Julian ṣe gbìyànjú láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ibi tó ti ṣe é yọrí àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ni ìtàn ayé rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1897 ni wọ́n bí i sí Port of Spain, olú ìlú Trinidad. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni erékùṣù náà wà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ìlú Èkó náà ṣe wà. Alábòójútó oko kòkó ni bàbá rẹ̀, ó sì rí já jẹ dé ìwọ̀n tó fi lè fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tó yanrantí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1913, nígbà tí Julian jẹ́ ọmọ ọdún 15, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frank Boland gbé bàálù wá sí ìlú náà láti fi han àwọn ará ibẹ̀. Bàálù náà já, Boland sì kú. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni yóò sá fún bàálù títí láé. Ti Julian kò rí bẹ́ẹ̀. Títí tó fi darúgbó ló ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn pé ojú òun ni bàálù Boland ṣe já, ibẹ̀ sì ni ìfẹ́ òfurufú ti wọ òun lẹ́jẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó kọjá sí Kánádà, ó sì gbé ní ìlú Montreal. Ó máa ń sọ pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, pé òun tilẹ̀ di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ náà. Àwọn tó ṣe ìwádìí ìgbésí ayé rẹ̀ kò fi gbogbo ara gba ìtàn yìí gbọ́, nítorí Julian jẹ́ ẹni tó máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ní 1921, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí ohun èlò kan tó gbé kalẹ̀ láti dóòlà ẹ̀mí àwọn tó bá wà nínú bàálù tó fẹ́ já. Ohun èlò náà jọ agboòrùn ńlá tí wọn yóò gbé sórí bàálù. Èyí fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti wà lára páráṣúùtù kí ó tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn rárá. Nǹkan tuntun sì ni páráṣúùtù alápò jẹ́ nígbà náà, nítorí oṣù kẹrin ọdún 1919 ni Leslie Irvin fò láti inú bàálù ní Ohio, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn tó ṣí i, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi gbà pé ènìyàn lè já bọ́ lófurufú kí ó má sì dákú kí ó tó fa okùn.

Ní 1921 yìí náà ni Julian dé Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York. Ìlú gbóná nígbà náà. Marcus Garvey, tó wá láti Jàmáíkà, ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú jọ sínú ẹgbẹ́ UNIA, ẹgbẹ́ tó ti ní ẹ̀ka ní Èkó láti 1920. Julian darapọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní wíwa bàálù tì pa fún ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò gbà wọ́n sí iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni náà kò sì fẹ́ rí wọn sójú. Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú, ní láti kọ́ èdè Faransé, kí ó sì rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Faransé kí ó tó rí ẹni kọ́ ọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, 1921 ló gba ìwé àṣẹ náà.

Páráṣúùtù ní tirẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni mú ìwé àṣẹ wá. Ẹni tó bá láyà, tó sì rí awakọ̀ òyìnbó tó gbà láti gbé e gòkè, lè fò. Ibẹ̀ ni Julian gbà wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, 1922, wọ́n ṣe àfihàn bàálù kan ní Curtiss Field, nítòsí New York, láti bọlá fún àwọn ológun dúdú tó ti jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Bessie Coleman wa bàálù lọ́jọ́ náà, Julian sì fi páráṣúùtù fò. Iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú, ọ̀wọ̀ àwọn ológun àti eré páráṣúùtù pàdé ní pápá kan ṣoṣo.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Julian gbé eré náà wọ àárín ìlú. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 1923, ó wọ aṣọ pupa fòò, ó sì fò bọ́ sókè Harlem. Ilẹ̀ kan tó ṣófo ló fojú sùn, ṣùgbọ́n orí òrùlé ilé ni afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Èrò bo ojú títì, wọ́n gbé e sókè bí ọba. Kí ọdún náà tó parí, ó tún fò, ó sì gbé fèrè saxophone dání lọ́jọ́ yìí. Afẹ́fẹ́ tún darí rẹ̀ gba ibòmíràn, orí àgọ́ ọlọ́pàá ló sì balẹ̀ sí. Àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó fi í ṣe ẹlẹ́yà, àmọ́ orúkọ Ẹyẹ Idì Dúdú tó tipa eré wọ̀nyí jẹ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Àwọn oníṣòwò ń sanwó fún un kí ó lè gbé ìpolówó ọjà wọn gòkè. Fún àwọn ènìyàn dúdú tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹrù rírù ni wọ́n ń ṣe, ó jẹ́ ohun ìwúrí láti rí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run.

Awakọ̀ tó gbé Julian gòkè ni Clarence Chamberlin, òyìnbó tó wá fi bàálù la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Jámánì ní 1927. Ọwọ́ Chamberlin yìí náà ni Julian ti rí ẹ̀kọ́ bàálù wíwà gbà. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè jókòó ti ẹ̀kọ́ náà, kí ó fi oṣù púpọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbéra àti bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ó sì lè máa lépa ohun tí yóò mú èrò pariwo. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Julian fi ìkánjú lá a.

Ó kéde pé òun yóò wa bàálù láti New York lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni nígbà náà tó dá fo Òkun Àtìláńtíìkì láìdúró, Charles Lindbergh kò sì ṣe é títí di 1927. Àwọn aláwọ̀ dúdú dá owó jọ fún un, wọ́n ra ògbólógbòó bàálù kan tó lè léfòó lórí omi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Etiópíà Kìíní. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, 1924, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èrò kóra jọ sí etí odò Harlem. Owó bàálù náà kò tíì pé, nítorí náà wọ́n tún gbé igbá láàárín èrò kí àwọn onígbèsè tó yọ̀ǹda rẹ̀. Julian gbéra. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ọ̀kan lára ohun tí bàálù náà fi ń léfòó fi yọ, bàálù sì já sínú omi ní Flushing Bay. Wọ́n yọ Julian láàyè, ilé ìwòsàn ló sì ti gbádùn. Owó àwọn tálákà tó dá sí i ti wọ omi.

Kí a má gbàgbé pé òfurufú kì í ṣojú sáájú fún ẹnikẹ́ni ní ayé ìgbà náà. Bessie Coleman tó kọ́ṣẹ́ yanjú pàápàá bá a lọ. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin, 1926, ó gòkè ní Jacksonville, ní Florida, pẹ̀lú ẹni tó ń tún bàálù rẹ̀ ṣe, kí ó lè yẹ ilẹ̀ wò nítorí eré páráṣúùtù tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọjọ́ kejì. Kò so ìgbànú mọ́ra nítorí ó fẹ́ na ọrùn wo ìsàlẹ̀. Irin iṣẹ́ kan há sínú ẹ̀rọ, bàálù yí dà, Coleman sì já bọ́ láìsí páráṣúùtù lára rẹ̀. Ẹni tó wa bàálù náà kú pẹ̀lú. Ìgboyà dára, ẹ̀kọ́ dára, síbẹ̀ ìṣọ́ra ni ìkẹta wọn.

Ní 1930 ni ilẹ̀kùn tí Julian ti ń kàn láti ìgbà pípẹ́ ṣí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Etiópíà, níbi tí wọ́n ti ń múra ìwúyè Ọba Haile Selassie sílẹ̀ fún oṣù kọkànlá ọdún náà. Nígbà tó dé Addis Ababa, páráṣúùtù ló tún fi kí ilẹ̀. Ó fò bọ́ láti inú bàálù, ó sì balẹ̀ sí ibi tí kò jìnnà sí Kábíyèsí. Inú ọba dùn gan-an. Wọ́n sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ológun fi ogún ọdún wá, fífò kan ṣoṣo ló gbé e lé Julian lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n oyè tí eré bá fúnni, iṣẹ́ ni yóò dán an wò. Kábíyèsí ní bàálù kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gipsy Moth, tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ láti London, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nígbà tí ìwúyè ku díẹ̀, Julian gbé bàálù náà gòkè láìgba àṣẹ. Addis Ababa wà lórí òkè gíga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bàálù kì í sì í gbéra bó ṣe ń gbéra ní etí òkun. Awakọ̀ tó bá kọ́ṣẹ́ dójú àmì ni í mọ irú èyí lára. Bàálù náà já lu igi, ó sì bàjẹ́. Julian yè, àmọ́ ọba bínú, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ọjọ́ ìwúyè pé, àwọn àlejò láti gbogbo ayé dé, kọ́nẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí ó fi bàálù dárà lójú wọn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì bá àwọn awakọ̀ dúdú míràn ṣe àfihàn bàálù ní Los Angeles ní oṣù kejìlá, 1931. Òkìkí rẹ̀ kò rẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán bí kò bá ṣe ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1935.

Ní ọdún yẹn, Ítálì ń kó ogun jọ sí ẹnu ààlà Etiópíà, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ilẹ̀ Áfíríkà tí òyìnbó kò tíì gbà. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ènìyàn dúdú lára níbi gbogbo. Ní Èkó, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ti Etiópíà lẹ́yìn. Bàálù tí Etiópíà ní kò tó ogún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè gbéra, nígbà tí Ítálì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bí ilẹ̀ kan bá ṣe aláìní awakọ̀ òfurufú rí, Etiópíà ni. Julian tún padà lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá níbẹ̀ ni John Robinson, aláwọ̀ dúdú tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Tuskegee, tó sì ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní wíwa bàálù ní Chicago. Robinson kì í pariwo. Kò fi páráṣúùtù kí ọba, fèrè kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ta kora títí tí wọ́n fi wọ̀yá ìjà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Addis Ababa ní oṣù kẹjọ. Kábíyèsí yan ẹni tí wọn yóò fi ẹ̀mí ọmọ ogun lé lọ́wọ́. Robinson ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú. Wọ́n rán Julian lọ sí Ambo, ní ìwọ̀-oòrùn olú ìlú, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ní ìtò.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dunni jù. Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, 1935 ni àwọn ọmọ ogun Ítálì wọlé. Ọkùnrin tó ti ń kéde láti 1924 pé òun yóò fi bàálù dé Etiópíà wà nínú Etiópíà lọ́jọ́ tí wọ́n nílò awakọ̀ jù lọ, wọn kò sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan bàálù. Láyà ni o, ó ní in. Ohun tí wọn kò ní sí i mọ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára sí ìjọba tó ti fi í jẹ kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó tilẹ̀ dé Ítálì, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà kí ó lè dún bíi ti àwọn ará ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé ẹ̀tàn ni, pé òun fẹ́ súnmọ́ Mussolini kí òun lè pa á. Àwọn tó gbà á gbọ́ kò pọ̀. Robinson ní tirẹ̀ gbé ìwé láàárín olú ìlú àti ojú ogun nínú bàálù tí kò ní ìbọn, ìbọn ọ̀tá sì bà á. Nígbà tí wọ́n gba Etiópíà padà, ó tún lọ síbẹ̀ ní 1944 láti kọ́ àwọn awakọ̀ wọn. Ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1954, lẹ́yìn tí bàálù tó ń wà já.

Julian kò jókòó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ó gba Finland lọ láti lọ bá wọn jà, àmọ́ ogun tibẹ̀ parí ní oṣù kẹta, 1940. Ní ọdún kan náà, ó pe Hermann Goering, ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú Jámánì, níjà pé kí àwọn méjèèjì pàdé lófurufú, nítorí èébú tí Hitler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bú ẹ̀yà dúdú. Goering kò dá a lóhùn. Ní 1942, ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó sì di ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún 40, kọ́nẹ́ẹ̀lì àná sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní 1943 nítorí ọjọ́ orí.

Àkókò yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn tó tì pa mọ́ ọn ní 1921 ṣí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín 1941 sí 1946, àwọn aláwọ̀ dúdú 992 ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ológun ní Tuskegee. Páráṣúùtù pàápàá kúrò ní eré. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun onípáráṣúùtù kan dìde, tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, nọ́ńbà 555 ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. Ní 1945, wọ́n rán wọn lọ sí àwọn igbó ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láti pa iná, níbi tí ìjọba ti ń bẹ̀rù pé bọ́ǹbù tí àwọn ará Japan fi bàlúùnù rán wá yóò dá iná sílẹ̀. Ìgbà tó lé ní 1,000 ni wọ́n fò bọ́ sínú igbó náà. Ohun tí Julian fi ń pe èrò jọ ti di iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba ìlú là. Àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́ lábẹ́ àṣẹ.

Lẹ́yìn ogun, Julian bẹ̀rẹ̀ òwò ohun ìjà. Ó bá ìjọba Guatemala ra nǹkan ìjà ní àwọn ọdún 1950. Ní 1962, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mú un ní Katanga, ní ilẹ̀ Kóńgò, nítorí ọ̀rọ̀ ohun ìjà kan náà, wọ́n sì tì í mọ́lé fún bí oṣù mẹ́rin. Ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní 1964. Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, 1983 ló kú ní New York, lẹ́ni ọdún 85. Ẹni tí ọ̀pọ̀ rò pé òfurufú ni yóò pa fi ọwọ́ rọrí kú nígbà ogbó.

Àwọn kan pè é ní aláṣehàn, àwọn mìíràn sì pè é ní akọni. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bú Julian gbọ́dọ̀ rántí pé eré nìkan ni ayé ìgbà náà gba ènìyàn dúdú láyè láti ṣe lófurufú. Wọ́n ti í sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín pé ẹ̀gbẹ́ kan ló wà. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ní New York, tí iṣẹ́ sì dé ọwọ́ rẹ̀ ní Addis Ababa, ariwo èrò kò tíì kúrò ní etí rẹ̀.

Lónìí, kò sí ìdí tí ọmọ Ìjerò, Aràmọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n yóò fi gba ojú òrùlé dé ibi tó ń lọ. Láti 1964 ni Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tirẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ti Zaria sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun onípáráṣúùtù wà ní Makurdi. Ní oṣù kẹwàá, 2022, bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó. Ọmọ tó bá fẹ́ràn àtifò fún ìgbádùn, tó sì tún fẹ́ wọ aṣọ ológun, lè ṣe méjèèjì, bó bá ti mọ èyí tó ń gbọ́ tẹnu èyí. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Julian ní apá ìgboyà, ó gùn, ó sì lẹ́wà. Apá sùúrù ni kò hù dáadáa, òun náà ló sì jẹ́ kí Ẹyẹ Idì Dúdú wà nílẹ̀ ní Ambo ní ọjọ́ tí Etiópíà ń wá ẹni tí yóò fò.